Ibà Lásà àti Ẹ̀rọ tí Ó Tú Àṣírí Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ òní dá lórí àrùn kan tí kò ṣàjèjì ní ilẹ̀ Oǹdó, láti Ọ̀wọ̀ títí dé Àkúrẹ́. Ibà Lásà ni. Ní ọdún 1969 ni àwọn oníṣègùn kọ́kọ́ dá a mọ̀ ní ìlú Lassa, ní ibi tí ó ń jẹ́ Ìpínlẹ̀ Borno lónìí, orúkọ ìlú náà ni wọ́n sì fi pè é.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2018, àrùn náà jà ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Kí ọdún náà tó parí, àwọn tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé ó mú ní Nàìjíríà lé ní 600, àwọn tí ó sì kú nínú wọn lé ní 150. Ìpínlẹ̀ Ẹdó, Oǹdó àti Ebonyi ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ti wá. Àwọn oníṣẹ́ ìlera pàápàá kò gbẹ́yìn nínú àwọn tí ó kọlù. Nígbà náà ni ìbéèrè kan dìde: ṣé àrùn náà ti pàwọ̀ dà ni, tí ó fi wá ń ti ara ènìyàn kan bọ́ sí ara èkejì, tàbí eku náà ni ó ṣì ń fà á?

Ìbéèrè náà kì í ṣe ti àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan. Bí ènìyàn bá ni ó ń kó o ran ènìyàn, yóò di dandan láti ti ọjà, láti dá èrò ọkọ̀ dúró, kí á sì máa wá gbogbo ẹni tí ó fara kan aláìsàn kiri. Bí ó bá sì jẹ́ eku, inú àká àti ilé ìdáná ni ìjà náà wà. Owó ìjọba kì í sábà tó láti ja ogun méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ilé-ìwòsàn ńlá tí ó wà ní Irrua, ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó, ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn wò láti ọdún 2008. Òun àti àwọn ọ̀mọ̀wé Redeemer's University ní Ẹdẹ, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi jẹ́ olórí wọn, ni wọ́n fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú Yunifásítì Harvard àti Broad Institute ní Amẹ́ríkà, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Pardis Sabeti ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn ará Jámánì láti ìlú Hamburg náà gbé ẹ̀rọ kan tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ wá sí Irrua, láti máa ka àwọn kòkòrò náà níbẹ̀.

Kí ni wọ́n ń kà? Kòkòrò tí ó ń fa ibà Lásà kéré kọjá ohun tí ojú lè rí, ṣùgbọ́n ó ní ohun kan nínú ara rẹ̀ tí ó dà bí ìwé. Àmì mẹ́rin péré ni a fi kọ ìwé náà, àwọn àmì ọ̀hún sì lé ní 10,000 bí a bá tò wọ́n. Nígbàkúùgbà tí kòkòrò náà bá ń bí sí i, ó ń da ìwé yìí kọ, a sì máa ṣe àṣìṣe níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, bí ọmọ ilé-ìwé tí ó ń da iṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ. Olùkọ́ tí ó bá sì rí àṣìṣe kan náà nínú ìwé ọmọ méjì kò ní í pẹ́ mọ ẹni tí ó wo iṣẹ́ ẹnìkejì.

Iṣẹ́ olùkọ́ yìí ni kọ̀ǹpútà ń ṣe. Ìwé náà a máa dé ọwọ́ rẹ̀ ní wẹ́wẹ́, bí ìwé tí ewúrẹ́ jẹ. Yóò so ó pọ̀, yóò gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún mìíràn, yóò sì sọ èyí tí ó jẹ́ ìbátan èyí. Bí ọgọ́rùn-ún akọ̀wé bá jókòó ti iṣẹ́ yìí pẹ̀lú tádàwà àti bébà, ẹ̀ẹ̀rùn yóò kọjá lọ kí wọ́n tó parí.

Ìwé kòkòrò láti ara aláìsàn tí ó lé ní 200 ni wọ́n tò báyìí, ti ọdún 2018 àti èyí tí ó ṣáájú rẹ̀. Ìdáhùn náà hàn gbangba. Àwọn kòkòrò wọ̀nyí kò jọra bí ọmọ ìyá. Wọ́n jìnnà sí ara wọn bí ìbátan tí ó ti yapa láti ìgbà pípẹ́. Kò sí ẹ̀yà tuntun kan tí ó ń gbé ìlú dé ìlú. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn aláìsàn ni ó jẹ́ pé ara eku ni olúkúlùkù ti kó tirẹ̀. A tún rí i pé odò ńlá bí Odò Ọya pààlà sí àárín ìran àwọn kòkòrò náà, nítorí eku kì í sábà la irú odò bẹ́ẹ̀ kọjá. Wọn kò sì fi àbájáde yìí pamọ́ di ìgbà tí ìwé ńlá yóò jáde. Àrùn ṣì ń jà nígbà tí wọ́n fi í tó ìjọba létí.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni irú iṣẹ́ yìí máa ń mú ìròyìn tí ó tu ni lára wá. Ní ọdún 2014, nígbà tí Ẹ̀bólà wọ Sierra Leone, àwọn ọ̀mọ̀wé kan náà ka kòkòrò láti ara aláìsàn 78. Ní ti ìyẹn, ọmọ ìyá ni gbogbo wọn: ènìyàn ni ó ń kó o ran ènìyàn. Márùn-ún nínú àwọn tí ó bá wọn ṣe iṣẹ́ náà ni Ẹ̀bólà pa kí ìwé wọn tó jáde. Dókítà Sheik Humarr Khan ti Kenema wà lára wọn.

Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò lè bá ìyàwó ilé bo ìkòkò gàrí. Eku tí ó ń gbé ibà Lásà kiri a máa wọ ilé ènìyàn. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ ni ó ń ba oúnjẹ jẹ́. Gàrí, láfún àti ẹ̀lùbọ́ tí a sá sí etí títì ní ọ̀sán, eku lè rìn lórí wọn ní òru. Bí a bá sì sun igbó ní ẹ̀ẹ̀rùn, inú ilé ni eku ń sá wá. Àwọn tí ń fi ọwọ́ lásán pa eku jẹ náà wà nínú ewu, ohun yòówù kí àwọn ọlọ́bẹ̀ sọ nípa adùn rẹ̀.

A kò gbọdọ̀ ṣi ìdáhùn àwọn ọ̀mọ̀wé náà lò. Ẹ̀jẹ̀ àti èébì aláìsàn ṣì lè ran ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀, nítorí náà ni àwọn nọ́ọ̀sì fi ń wọ ìbọ̀wọ́. Ẹni tí ibà bá mú, tí oògùn ibà kò sì ràn án lẹ́yìn ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, kí ó tètè lọ sí ilé-ìwòsàn, kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ribavirin ni oògùn tí wọ́n ń lò fún un, bí wọ́n bá sì tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni ó ń ṣiṣẹ́ jù.