Káàdì Ọmọ Yín Dà?

Ọ̀rọ̀ ọmọ tí kò dàgbà bó ti yẹ ni mo fẹ́ bá yín sọ lálẹ́ òní.

Bí ibà bá mú ọmọ, ara rẹ̀ á gbóná, ìyá rẹ̀ á sì mọ̀. Ṣùgbọ́n àìdàgbà kì í pariwo. Ọmọ á máa rẹ́rìn-ín, àwa á sì máa wí pé, "Èèyàn kékeré ni bàbá rẹ̀ náà." Ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wú, tí irun rẹ̀ pọ́n, tí kò fẹ́ ṣeré mọ́, la óò tó máa sáré kiri. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Dókítà David Morley, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kíyè sí èyí nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, láti 1956 sí 1961. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, òun àti àwọn nọ́ọ̀sì ń wọn àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, àtèyí tó ń ṣàìsàn àtèyí tí ara rẹ̀ le. Wọ́n ń fi àmì ìwọ̀n náà sórí káàdì, ìyá ọmọ ló sì ń tọ́jú káàdì rẹ̀ sílé. Irú káàdì bẹ́ẹ̀ ti tàn dé ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ayé.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ gbọ́ bí a ṣe ń kà á, kí ẹ lè kà á fún ìyá yín. Bí àmì oṣù yìí bá ga ju ti oṣù tó kọjá, ọmọ ń dàgbà. Bí wọ́n bá dọ́gba, ẹ fura. Bó bá wálẹ̀, ẹ tètè gbé ọmọ lọ sí ilé ìtọ́jú. Ọmọ tí a bí ní kílò 3 yẹ kó tó bíi 6 ní oṣù 5, kó sì tó bíi 9 ní ọdún kan.

Kí ló ń fa àìdàgbà? Ìgbẹ́ gbuuru, èéyi àti ibà lè fà á, oúnjẹ tí kò pé sì lè fà á. Ní 1933, Dókítà Cicely Williams kọ̀wé láti ilẹ̀ Gánà òde òní nípa àrùn tí àwọn ará Ga ń pè ní kwashiorkor: àrùn tó ń mú ọmọ nígbà tí àbúrò bá gba ọmú lẹ́nu rẹ̀.

Nítorí náà, ọmú nìkan ni fún oṣù 6, láìfi omi kún un. Lẹ́yìn èyí, kí ọmú máa bá a lọ, kí oúnjẹ sì tẹ̀ lé e. Ògì lásán ń kún inú ni, kò tó láti mú ọmọ dàgbà. Ẹ fi ẹ̀wà tàbí ẹ̀pà lílọ̀ sí i, pẹ̀lú epo pupa díẹ̀ àti edé lílọ̀. Ẹ yọ egungun ẹja sáwá dáadáa, kí ẹ sì fún ọmọ jẹ. Àwọn kan ní ẹyin á sọ ọmọ dolè. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ara ọmọ ni ẹyin ń tún ṣe.

Bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá wú, ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà gan-an.

Káàdì ọmọ yín dà? Ẹ wá a jáde lálẹ́ yìí, kí ẹ wo ibi tí àmì rẹ̀ dúró. Ó dàárọ̀ o.