Trampoline Ẹ̀yìnkùlé: Títò Rẹ̀, Ìtọ́jú Rẹ̀ àti Ojúṣe Àgbà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ trampoline mu, nítorí pé orí àti ọrùn ọmọ ló wà nínú ewu níbẹ̀. Trampoline ni àtẹ aṣọ líle tí a fi sípíríǹgì so mọ́ férémù irin, tí ọmọdé ń dúró lé lórí tí ó ń ta á sókè. Ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀pọ̀ ìdílé ń gbé e sí. Ní Èkó àti Ìbàdàn, ibi àríyá ọmọdé ni a ti sábà ń rí i.

Kì í ṣe ohun ìṣeré ọmọdé ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe. George Nissen, eléré ìdárayá kan ní ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà, ti rí àwọn eléré orí okùn tí wọ́n ń já bọ́ sínú àwọ̀n nígbà tí eré wọn bá parí, tí àwọ̀n náà sì ń ta wọ́n padà sókè. Ní ọdún 1934, òun àti Larry Griswold to irin pọ̀, wọ́n sì ta aṣọ kánfáàsì sí i láàárín. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n lò ó láti kọ́ àwọn awakọ̀ òfuurufú. Ní ọdún 2000, ó wọ ìdíje Òlíḿpíìkì ní Sydney. Níbi irú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀, olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ ní í dúró tì í. Ní ẹ̀yìnkùlé, òbí ni olùkọ́.

Ibi tí a óò gbé e sí ni ó ṣáájú. Ilẹ̀ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ́jú. Bí ẹsẹ̀ kan bá ga ju èkejì lọ, apá kan ni àtẹ yóò máa ta ọmọ sí. Orí koríko tàbí yanrìn ló yẹ ẹ́, kì í ṣe orí kọnkéré. Ó kéré tán, kí mítà 2.5 ṣófo yí i ká, láìsí ògiri tàbí igi nítòsí. Kí ẹ̀ka igi, okùn aṣọ tàbí wáyà iná má sì ṣe sí lókè rẹ̀.

Bí a bá to férémù tán, síso sípíríǹgì ni iṣẹ́ tó gba sùúrù. Ẹni tó bá ń so wọ́n tẹ̀ léra láti ẹ̀gbẹ́ kan yóò rí i pé ẹ̀gbẹ́ kejì kò ní fà dé férémù mọ́. Bí onílù ti ń fa awọ kí ó lè le dọ́gba ni: bí a bá so ọ̀kan níhìn-ín, a óò so èkejì ní ọ̀ọ́kán rẹ̀, a óò sì so ti ọ̀tún àti ti òsì, kí a tó wá máa dí àlàfo tó kù. Irin oníkọ́ tí wọ́n ṣe fún un ni a fi ń fà á, nítorí pé sípíríǹgì tó bá já mọ́ni lọ́wọ́ lè ṣeni léṣe. Lẹ́yìn èyí ni a óò fi tìmùtìmù bo àwọn sípíríǹgì, a óò ta àwọ̀n yí i ká, a óò sì fi èèkàn irin kan ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Èèkàn yìí kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Nígbà tí ìjì Ciara jà ní oṣù kejì ọdún 2020, ó gbé trampoline kan lọ sórí ojú irin ní ẹ̀bá London, ọkọ̀ ojú irin kò sì lè kọjá.

Títò tán kọ́ ni iṣẹ́ tán. Oòrùn a máa jẹ aṣọ, òjò a sì máa mú irin dógùn-ún. Kí ọmọ tó gun orí rẹ̀, kí àgbà wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bóyá ó mì, kí ó wo ojú rírán bóyá ó ti ń tú, kí ó wo àwọ̀n bóyá ó ti ya, kí ó sì wo tìmùtìmù bóyá ó ti yẹ̀ lórí irin. Sípíríǹgì tó bá ti nà kọjá ààlà tàbí tí ìpáàrà ti mú, kí a pààrọ̀ rẹ̀. Bí àtẹ bá tutù, kí eré dúró, nítorí pé ẹsẹ̀ yóò máa yọ̀. Níbi tí yìnyín ti ń bọ́, ìgbálẹ̀ ni a fi ń gbá a kúrò, kì í ṣe ṣọ́bìrì.

Síbẹ̀, èyí tó le jù kò sí lọ́wọ́ irin. Ní ọdún 1999, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọmọdé tí à ń pè ní American Academy of Pediatrics gba àwọn òbí nímọ̀ràn pé kí wọ́n má lo trampoline nílé. Ní ọdún 2012, wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà sọ: nínú ìpalára 100, bí 75 ló ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ó ju ẹnì kan lọ tó ń fò pa pọ̀. Ọmọ tó kéré jù nínú wọn ni ìyà sábà máa ń jẹ, nítorí pé bí ó ti ń bọ̀ nílẹ̀, àtẹ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀ ń padà bọ̀ lókè láti pàdé rẹ̀ bí ilẹ̀ líle. Títàkìtì ni ó sábà ń fa ìpalára egungun ọrùn, èyí tó lè sọ ènìyàn di arọ.

Ibi tó yẹ kí àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ti ronú jinlẹ̀ nìyí: ìdá kan nínú mẹ́ta títí dé ìdajì àwọn ìpalára náà ni ó ṣẹlẹ̀ níṣojú àgbà. Àgbà wà lọ́jà, orí ọmọ sì wọ́. Ìjókòó lásán kò tó. Ẹni tó ń ṣọ́ ọmọ gbọ́dọ̀ ní òfin lẹ́nu: ẹnì kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, kò sí títàkìtì, ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 6 kò gbọdọ̀ gùn ún. Ó sì gbọ́dọ̀ lè sọ pé ó tó nígbà tí gbogbo ọmọ ń pariwo pé ó kù. Ilé tí kò bá ní irú àgbà bẹ́ẹ̀, kí ó fi owó trampoline ra bọ́ọ̀lù. Àwọ̀n kò lè bá ọmọ wí. Òwe kò sì dárúkọ àwọ̀n, àgbà ló dárúkọ.