Bí A Ṣe Ń Fi Ohmmeter Yẹ Súìṣì Ọkọ̀ Wò

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ewúrẹ́ sáré gba iwájú ọkọ̀ mi kọjá, mo sì tẹ bíréèkì lójijì. Ọkọ̀ ẹrù tí ń bọ̀ lẹ́yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ gorí mi. Dírẹ́bà rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá, iná bíréèkì yín kò tàn. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé ẹ ń dúró?" Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo ra gúlóòbù tuntun méjì sí i!

Gúlóòbù kò jẹ̀bi. Súìṣì ni. Ó wà lápá òkè ibi tí ẹsẹ̀ ti ń tẹ bíréèkì. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, súìṣì á so ọ̀nà pọ̀ kí iná lè kọjá. Bí a bá gbẹ́sẹ̀ kúrò, á já ọ̀nà náà. Ojú kò lè rí inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohmmeter lè bá wa wò ó. Orúkọ Georg Simon Ohm, ará Jámánì tí ó tẹ òfin rẹ̀ jáde ní ọdún 1827, ni a fi ń pè é. Bí nǹkan ṣe ń dènà iná tó ni ó ń wọ̀n.

Ẹ fetí sí èyí dáadáa. Ohmmeter ní bátìrì tirẹ̀ nínú. Bí ẹ bá fi í kan ibi tí iná ọkọ̀ wà, ẹ lè bà á jẹ́, irọ́ ni yóò sì pa fún yín. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ tú wáyà kúrò lórí bátìrì ọkọ̀, kí ẹ sì yọ wáyà kúrò lára súìṣì. Ẹ fi ẹnu wáyà mítà méjèèjì kan ara wọn. Àbẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ lọ sí 0.

Ẹ wá fi wọ́n kan irin méjì tí ó yọ lára súìṣì. Bí ẹsẹ̀ kò bá sí lórí bíréèkì, àbẹ́rẹ́ kò gbọdọ̀ mira. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, kí ó sáré wá sí 0. Tèmi kò mira rárá, bí mo ti wù kí n tẹ̀ ẹ́ tó. Bí tiyín bá kà 5, ẹ má ṣe sọ pé ó kéré: gúlóòbù wátì 21 méjì lórí vóòtì 12 kò ju nǹkan bí ọ́ọ̀mù 3 ààbọ̀ lọ nígbà tí wọ́n bá ń tàn, súìṣì yóò sì jẹ ju ìdajì vóòtì náà lọ. Ẹ tẹ̀ ẹ́ tó ìgbà mẹ́wàá. Èyí tí àbẹ́rẹ́ rẹ̀ bá ń fò síwá sẹ́yìn yóò dà yín lójú ọ̀nà. (Súìṣì oníwáyà mẹ́rin wà o: nígbà tí méjì bá so, méjì yòókù á já.)

Nígbà tí mo lọ ra tuntun, mo gbé mítà lọ́wọ́. Ọlọ́jà rẹ́rìn-ín. Àkọ́kọ́ tí ó mú wá kò gbé àbẹ́rẹ́ rárá. Ìkejì ni mo san owó rẹ̀.