Bọ́tìnnì Kékeré Tó Ń Yí Ìwà Mọ́tò Padà

Lọ́jọ́ kan, mo yá mọ́tò ẹ̀gbọ́n mi lọ sí Ìbàdàn. Mo fẹ́ ya tírélà kan sílẹ̀, mo tẹ iná, mọ́tò ń wọ́ bí ìgbín. Àyà mi já! Mo rò pé ẹ́ńjìnnì ti bàjẹ́ ni. Àṣé ECO ló wà.

Tí ẹ bá wà lórí ECO, mọ́tò kì í tètè dá ẹsẹ̀ yín lóhùn, AC náà lè rọlẹ̀ díẹ̀, kí epo lè pẹ́. Ó dáa fún súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó.

SPORT ní tiẹ̀, ẹ fọwọ́ kàn án báyìí, ó ti fò! Jíà kì í tètè gòkè, ẹ́ńjìnnì á máa ké, epo á máa lọ. Nínú àwọn mọ́tò olówó ńlá kan, ṣọ́ọ̀kì náà á le, ìdí yín á sì mọ gbogbo kòtò.

NORMAL wà láàárín méjèèjì.

Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, bọ́tìnnì yìí kò fi agbára kún ẹ́ńjìnnì; bó ṣe ń dáhùn nìkan ló yí padà. Torí náà, kí ẹ tó ya tírélà sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ mọ èyí tí ẹ wà lórí ẹ̀. Ẹ̀mí ò láàrọ̀ o. Ó dìgbà kan ná!