Àrùn Àtọ̀gbẹ àti Ìṣe Ojoojúmọ́ Wa
Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹgbẹ́ ní Ìbà Housing Estate

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kì í ṣe ti oríkì tàbí ti ìtàn ìlú, gẹ́gẹ́ bí ó ti jẹ́ àṣà ẹgbẹ́ wa. Ọ̀rọ̀ ara ni. Ṣùgbọ́n bí àwọn tí ó mọ oríkì bá ń kú kí wọ́n tó fi kọ́ ọmọ wọn, kí ni ẹgbẹ́ yìí yóò máa pé jọ ṣe?

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, bàtà họ ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ní ẹsẹ̀. Egbò náà kò tóbi ju orí ìka lọ. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, wọ́n gé ẹsẹ̀ náà nísàlẹ̀ orúnkún. Ìgbà náà ni ó tó mọ̀ pé òun ní àtọ̀gbẹ. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì ti pẹ́ tí òùngbẹ ti ń gbẹ ẹ́, tí ó ń jí tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin lóru. Ooru ni ó kà á sí.

Àwọn baba wa mọ àrùn yìí, wọ́n rí i pé eèrà a máa dà bo ibi tí aláìsàn náà bá tọ̀ sí. Ohun tí ìmọ̀ òde òní fi kún un nìyí: oúnjẹ tí a jẹ a máa di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀, ohun kan tí ń jẹ́ ínsúlìn ni ó sì ń ṣí ilẹ̀kùn fún ṣúgà náà láti wọ inú ẹran ara. Nígbà tí ọ̀rá bá kún inú ikùn, tí ara kò sì ṣiṣẹ́, ẹran ara kò ní gbọ́ràn sí ínsúlìn lẹ́nu mọ́. Ṣúgà yóò dúró sínú ẹ̀jẹ̀, yóò máa ba ojú, kíndìnrín àti iṣan ẹsẹ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Oríṣi kan wà tí ó sábà ń mú ọmọdé, tí a kò lè fi ìṣe wa dí lọ́nà. Ti àgbàlagbà ni a ń sọ.

Àwọn kan ń wí pé inú ẹ̀jẹ̀ wa ni ó wà. Òtítọ́ ni pé ẹni tí òbí rẹ̀ bá ní in gbọ́dọ̀ ṣọ́ra ju ẹlòmíràn lọ. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1997, Richard Cooper, Charles Rotimi tí í ṣe ọmọ Nàìjíríà, àti àwọn ẹgbẹ́ wọn tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ènìyàn tí orírun wọn jẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní Nàìjíríà, bí ẹni 2 nínú 100 ni wọ́n bá àrùn náà lára rẹ̀. Ní àwọn erékùṣù Karibíánì, bí 9. Ní Amẹ́ríkà àti ìlú Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì, bí 11. Orírun kan náà, ìgbé-ayé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà tí ó fi di ọdún 2018, Uloko àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí púpọ̀ pọ̀, wọ́n sì rí i pé ti Nàìjíríà ti tó bí 6 nínú 100. Ọ̀nà ìwádìí méjèèjì kò rí bákan náà, ṣùgbọ́n ibi tí a ń lọ hàn gbangba.

Ẹ wo bí a ti ń gbé níhìn-ín. Kí ilẹ̀ tó mọ́, a ti jókòó sínú dáńfó lójú ọ̀nà Badagry, a ń lọ sí Mile 2 tàbí Ìsàlẹ̀ Èkó. A ó jókòó ní ọ́fíìsì, tàbí nínú ṣọ́ọ̀bù ní Alábà; a ó tún jókòó nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ìrọ̀lẹ́. Ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́ ni a ó wá gbé èbà tí ó tó ẹni tí ó kọ igba ebè síwájú ẹni tí kò gbé ọkọ́ rí. A ó jẹ ẹ́ tán, a ó sì sùn lé e lórí.

Níhìn-ín ni a fẹ́ bá ara wa wí. Àwa tí a fẹ́ràn àṣà a máa sọ pé bí a bá padà sí oúnjẹ àwọn baba wa, àrùn yóò lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iyán jẹ́ iyán. Àwọn baba wa ti ṣiṣẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó jẹ ẹ́. Àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ pàápàá, bí a bá kó o jọ bí òkè, ṣúgà ni yóò dà. Ohun tí ó yẹ kí a jogún lọ́dọ̀ wọn ni ẹsẹ̀ rírìn, ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, àti oúnjẹ alẹ́ tí a jẹ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹ̀rí rẹ̀ wà. Ní ọdún 2002, a gbọ́ èsì ìwádìí kan láti Amẹ́ríkà, lórí àwọn ènìyàn tí ó lé ní 3,000 tí àrùn náà ti ń rọ̀ dẹ̀dẹ̀ lé lórí. Wọ́n ní kí apá kan nínú wọn dín ìwọ̀n ara kù ní ìdá 7 nínú 100, kí wọ́n sì máa rìn kánkán fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀. Ewu àrùn náà fi ìdá 58 nínú 100 dínkù lára wọn. Lára àwọn tí ó lo oògùn metformin, ìdá 31 ni. Ẹsẹ̀ borí oògùn! Fún ẹni tí ó wọn kílò 90, kílò 6 àti díẹ̀ péré ni. Ìṣẹ́jú 150 náà kò ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ ní ọjọ́ márùn-ún: kí a fi ọ̀kadà sílẹ̀, kí a fi ẹsẹ̀ rìn láti ilé dé títì, kí a sì sọ̀ kalẹ̀ kí a tó dé ibùdókọ̀ tiwa.

Ìgò ẹlẹ́rìndòdò onílítà ìdajì sábà máa ń ní ṣúgà tó ṣíbí tíì 12. Ìjọba fi owó-orí náírà 10 lé lítà kọ̀ọ̀kan nínú Òfin Ìnáwó ọdún 2021. Náírà mẹ́wàá! Kò tó ra gúgúrú. Ọwọ́ ara wa ni kí a fi lé e jìnnà.

Ẹ̀yin ìjòyè wa, ẹ má bínú: ikùn tí ó yọ síta kì í ṣe àmì ọlá, bí agbádá tilẹ̀ bò ó. Kí olúkúlùkù gba okùn ìwọnṣọ lọ́wọ́ télọ̀. Bí ìbú ikùn ọkùnrin bá tó sẹ̀ǹtímítà 94, tí ti obìnrin sì tó 80, kí ó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò láìtíì jẹun ní òwúrọ̀. Bí ó bá wà láti 100 dé 125 lórí ìwọ̀n mg/dl, ìkìlọ̀ ni. Bí ó bá tó 126, tí a tún un wò tí kò yẹ̀, àtọ̀gbẹ ti wọlé. Ẹni tí ó bá ti wọlé sí lára kò gbọdọ̀ tìtorí omi ewúro pa oògùn dókítà tì. A ti sin ẹni tí ó ṣe bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà a mú àbá kan wá, a sì mọ̀ pé kò ní dùn mọ́ gbogbo ènìyàn. Láti oṣù tí ń bọ̀, kí ẹgbẹ́ yìí dẹ́kun pípín ẹlẹ́rìndòdò àti mọ́ọ̀tì ní ìpàdé. Omi tútù, obì àti ẹ̀pà ni kí a máa fi gba àlejò. Kí ìpàdé náà bẹ̀rẹ̀ ní agogo mẹ́jọ òwúrọ̀, kí a sì pe nọ́ọ̀sì kan wá yẹ ẹ̀jẹ̀ wa wò kí ẹnikẹ́ni tó fi nǹkan kan ẹnu. Akápò sọ fún wa pé owó mọ́ọ̀tì tí a ń ná yóò tó ra ẹ̀rọ ìyẹ̀jẹ̀wò náà. Àwọn ìjòyè ni a bẹ̀ kí wọ́n kọ́kọ́ na ìka.