Níbo Ni Omi Àgbàlá Rẹ Ń Ṣàn Sí?

Ọ̀rọ̀ omi òjò ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Àwọn baba wa ní àgbàrá òjò kò ní òun kò nílé wó, onílé ni kò ní í gbà fún un. Ó dára. Ṣùgbọ́n bí onílé kan kò bá gbà, ilé ta ni àgbàrá náà yóò yà sí?

Mo jẹ̀bi ọ̀rọ̀ yìí rí. Nígbà tí mo kọ́lé ní Ìlárè, mo da yẹ̀pẹ̀ pupa típà mẹ́fà sí ilẹ̀ mi kí ó lè ga. Mo mọ ọgbà yí i ká, mo sì dá ihò sí i lápá ìsàlẹ̀ kí omi lè jáde. Òjò ńlá rọ̀, àgbàlá mi gbẹ, mo dúpẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo rí ìyá opó tó ń gbé nísàlẹ̀ wa, ó ń fi abọ́ gbọ́n omi kúrò nínú yàrá. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Pásítọ̀." Kò bú mi. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Èmi òṣìṣẹ́ ìjọba, mo ní ìwé àṣẹ ìkọ́lé o! Ìwé náà pé, ṣùgbọ́n kò dáàbò bo ìyá yẹn.

Ẹ jẹ́ kí a mọ bí òfin ṣe rí. Ní 2003, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní Nàìjíríà dá a pé ìpínlẹ̀ ló ni àṣẹ lórí ètò ìkọ́lé nínú ìlú. Nítorí náà, òfin Ọ̀ṣun lè yàtọ̀ sí ti Ọ̀yọ́ tàbí ti Oǹdó. Ìwé Òfin 1999 sì fi gọ́tà àdúgbò sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ìlárè wà lábẹ́ Àárín Gbùngbùn Ifẹ̀. Ìlódè àti Modákẹ́kẹ́ wà lábẹ́ Ìlà-Oòrùn Ifẹ̀. Bí ìjọba ìbílẹ̀ kan bá la gọ́tà dé ààlà, tí èkejì kò gbà á níbẹ̀, inú ilé ènìyàn ni omi yóò wọ̀. Omi kò mọ ààlà.

Ẹ wo Ìbàdàn, tó ní ìjọba ìbílẹ̀ 11. Odò Ògùnpa kún ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ, 1980, ó gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ, 2011, àgbàrá tún pa ènìyàn tó lé ní 100 níbẹ̀.

Òfin ilẹ̀ Faransé ti 1804 sọ pé kí ẹni ìsàlẹ̀ gba omi tó bá fúnra rẹ̀ ṣàn wá, ṣùgbọ́n ẹni òkè kò gbọdọ̀ ṣe ohun tí yóò dá kún un. Òfin Mósè ti wí tẹ́lẹ̀ pé ẹni tó gbẹ́ kòtò tí kò bò ó, òun ni yóò san màlúù tó bá kó sí i.

Nítorí náà, kí ẹ tó da yẹ̀pẹ̀, ẹ jáde nígbà òjò, ẹ tẹ̀lé omi yín títí dé ibi tó dúró. Ẹ bá aládùúgbò ìsàlẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ẹ tó pe bíríkìlà. Ẹ má da ilẹ̀ sí gọ́tà. Kí ẹgbẹ́ onílé tó wà lápá méjèèjì ààlà jọ kọ lẹ́tà kan ṣoṣo sí ìjọba ìbílẹ̀ méjèèjì.

Èmi dí ihò yẹn, mo la ojú omi gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà mi dé gọ́tà títì, mo sì tún yàrá ìyá náà rẹ́. Àmì omi ṣì wà lára ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo ń rí i ní gbogbo ìgbà tí mo bá ń kọjá.

Kí Olúwa bùkún ilé yín, àti ilé tó wà nísàlẹ̀ tiyín.