Àlá, Ẹ̀rù Òru àti Ìfura Ojú Ọ̀sán

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lónìí, mo rò pé ohun tí wọ́n ń retí ni ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì, nítorí iṣẹ́ ìjọba ni mo fi ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún ṣe. Ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì kò ní tán lọ́dún yìí, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ oorun àti àlá ni mo gbé wá.

Ìdí rẹ̀ rèé. Púpọ̀ nínú wa ló wà ní ìlú Kàdúná yìí nígbà rògbòdìyàn oṣù kejì ọdún 2000, tí ó sì tún bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún náà. Ẹni tí ilé rẹ̀ jóná ti kọ́ òmíràn. Ẹni tí ó sá lọ sílé ti padà wá. Ẹ̀rù òru ni kò tíì kúrò lára gbogbo ènìyàn. Ìyá kan wà nínú ẹgbẹ́ yìí, wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, wọ́n sì gbà mí láyè láti sọ ọ́ láìdárúkọ wọn. Ìyá náà sọ fún mi pé láti ọdún náà ni àwọn ti ń lá àlá kan náà: àwọn ń sá, àwọn dé ẹnu géètì kan, géètì náà kọ̀, kò ṣí. Wọ́n ti bá wọn gbàdúrà, wọ́n ti bá wọn ṣe sàráà. Àdúrà dára, èmi náà kì í fi ṣeré. Ṣùgbọ́n ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún oorun fúnra rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ń wò títí di aago méjì òru. Àgbàlagbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá jà kò gbọdọ̀ máa ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí oorun jẹ́. Ní 1953, Eugene Aserinsky àti ọ̀gá rẹ̀, Nathaniel Kleitman, ní yunifásítì Chicago, jẹ́ kí ayé mọ̀ pé àkókò kan wà nínú oorun tí ẹyinjú máa ń sáré kiri lábẹ́ ìpéǹpéjú. Bí a bá jí ènìyàn ní àkókò yẹn, ó sábà máa ń ní àlá láti rọ́. Nǹkan bí àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú síra wọn ni ó máa ń wáyé, èyí tó bá sì sún mọ́ ìdájí ni ó máa ń pẹ́ jù. Ní àkókò náà, ara a máa wà ní títì pa, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kò ní lè ṣe ohun tí a ń ṣe lójú àlá.

Níbi títì pa yìí ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀, nítorí ó kan ohun tí a ń pè ní ogun òru. Nígbà mìíràn, ọkàn a ti jí, ara kò sì tíì gba ìtúsílẹ̀. Ènìyàn a la ojú, kò ní lè sọ̀rọ̀, a máa rò pé ẹnìkan jókòó lé òun láyà. Aina àti Famuyiwa kọ àpilẹ̀kọ kan jáde ní 2007 lórí ogun òru yìí láàárín àwa Yorùbá, wọ́n sì mẹ́nu ba bí a ṣe ń so ó mọ́ jíjẹun lójú àlá àti ọkọ tàbí aya ojú oorun. N kò wá síbí láti bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Mo kàn ń sọ pé ara tí ó tì pa yìí kò mọ ẹ̀yà, kò mọ ẹ̀sìn. Ó ń ṣe àwọn Òyìnbó náà. Bí ó bá ṣe yín, ẹ má jà. Ẹ mí jẹ́jẹ́, kí ẹ gbìyànjú láti mi orí ìka kan ṣoṣo. Yóò kọjá.

Ǹjẹ́ ènìyàn lè wà lójú àlá kí ó sì mọ̀ pé àlá ni? Ó ṣeé ṣe. Frederik van Eeden, dókítà ará Nẹ́dálaǹdì, ló fún irú àlá bẹ́ẹ̀ ní orúkọ tí àwọn Òyìnbó ń pè é, lucid dream, ní 1913. Àwọn mọ́ńkì ilẹ̀ Tibet ti ń ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí ó tó gba orúkọ. Ẹ̀rí rẹ̀ dé ní 1975 ní yunifásítì Hull, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: Keith Hearne ń ṣọ́ Alan Worsley níbi tó gbé sùn, Worsley sì yí ojú sọ́tùn-ún sósì bí wọ́n ṣe jọ fẹnu kò, láìjí. Stephen LaBerge náà fi irú rẹ̀ hàn ní Stanford lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Ní 2021, àwọn onímọ̀ láti Amẹ́ríkà, Faransé, Jámánì àti Nẹ́dálaǹdì tẹ ìròyìn jáde pé àwọn bi àwọn tó sùn ní ìbéèrè. Wọ́n ní kí ọkùnrin kan yọ mẹ́fà kúrò nínú mẹ́jọ. Ojú ló fi dáhùn pé méjì.

Ọ̀sán ni iṣẹ́ rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tí a bá ń ṣe lójoojúmọ́ máa ń tẹ̀ lé wa wọnú àlá; akọ̀wé a máa tẹ̀wé lójú oorun, oníṣòwò a máa ka owó. Paul Tholey, ará Jámánì, ní kí ènìyàn máa bi ara rẹ̀ léèrè nígbà púpọ̀ lóòjọ́ pé, "Ṣé ojú àlá ni mo wà, àbí mo lajú sílẹ̀?" Kì í ṣe bí ọmọdé ṣe ń ka tábìlì ìsọdipúpọ̀ o. Kí ó dúró, kí ó wo àyíká, kí ó rántí ibi tí òun ti ń bọ̀. Lẹ́yìn náà, kí ó dán ọ̀rọ̀ wò. Ka ìwé kan, mójú kúrò, tún un kà: lójú àlá, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sábà máa ń yí padà. Di imú rẹ pa kí o gbìyànjú láti mí: lójú àlá, èémí lè gba ibẹ̀ kọjá. Wọ́n tún máa ń ní kí ènìyàn tẹ suwíìṣì iná, pé lójú àlá iná kì í sábà tàn. Ẹ jọ̀ọ́, ní ilẹ̀ wa níbí, ẹ má lo ìyẹn. Ẹ ó kàn máa rò pé ẹ ń lá àlá láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ni.

Ìbéèrè ọ̀sán nìkan kò tó. Ìwádìí tí Denholm Aspy ṣe ní Ọsirélíà, tí ó jáde ní 2017, fi èyí hàn. Àwọn tó fi kún un pé wọ́n jí lẹ́yìn bíi wákàtí márùn-ún, tí wọ́n sì padà sùn pẹ̀lú ìpinnu lọ́kàn pé, "Bí mo bá tún lá àlá, màá rántí pé àlá ni," ni ó ṣe fún ní bíi òru 17 nínú 100. Kò pọ̀, kò sì kéré. Àwọn tó ń jí fún ìrun òru tàbí àdúrà ìdájí ti wà lójú ọ̀nà láìmọ̀; ẹ kàn fi ìpinnu yẹn sùn padà.

Ní ti ìyá wa, géètì la mú. Gbogbo géètì tí wọ́n bá fẹ́ wọ̀ lójú ọ̀sán, ti ilé, ti ọjà, ti ilé ìjọsìn, wọn a dúró, wọn a fọwọ́ kàn án, wọn a bi ara wọn ní ìbéèrè náà. Àwọn ọmọ-ọmọ fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Nǹkan bí oṣù méjì kọjá láìsí ohun kan. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n pè mí lórí fóònù. Wọ́n ní géètì yẹn kò ṣí, ṣùgbọ́n bí ọwọ́ àwọn ti kàn án ni àwọn rántí, àwọn sì yíjú padà wo ẹ̀yìn. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Àlá náà ti padà wá lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn ìyẹn, wọn kò sì mọ̀ pé àlá ni ní ọ̀kan nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ń sùn láago mẹ́wàá.

Ìkìlọ̀ kan wà. Ẹni tó bá ń gbóhùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, tàbí tí àìsàn ọpọlọ ti ṣe rí, kó má dán èyí wò láìrí dókítà. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Barnawa níbí, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ má sì máa já oorun yín lóròòru, pàápàá ẹ̀yin awakọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tó.

Ẹ gbé ìwé àti bírò sẹ́bàá ibùsùn, kí ẹ kọ àlá sílẹ̀ kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Bí ọmọ bá sì jí lóru tó ń ké, ẹ bi í pé kí ló rí, kí ẹ tó bi í pé ta ló fún un lóúnjẹ. Mo ti ṣe tán láti gba ìbéèrè yín.